Iṣẹ́ Láàbù Eyín: Ohun Tí Mo Ti Rí Nípa Oúnjẹ Tó Wà Nínú Rẹ̀

Ẹni tó wọ eyín àtọwọ́dá kì í sábà mọ ẹni tó ṣe é. Dókítà eyín ni ẹni náà mọ̀. Òun ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun náà ló sì máa ń bá jà bí eyín náà bá ń dùn ún. Èmi tí mo jókòó sẹ́yìn tábìlì níbi tí a ti ń po P.O.P., tí a ti ń yọ́ ìda, tí a sì ti ń to eyín lọ́kọ̀ọ̀kan sórí ìda náà, mo lè ṣe eyín fún ìyá kan ní Ìkẹ́nnẹ́, kí àwa méjèèjì sì jọ wọ ọkọ̀ kan náà lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde lẹ́yìn náà láìjẹ́ pé a mọ ara wa. Mo fi ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ọjọ́ iwájú iṣẹ́ yìí dúró lé. Oníbàárà wa kì í ṣe ẹni tí eyín rẹ̀ ká. Dókítà ni oníbàárà wa. Ẹni tó bá mọ ìyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀, tó sì mọ ohun tí dókítà ń wá lọ́wọ́ láàbù gan-an, kì í pẹ́ kó tó rí iṣẹ́ ṣe. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè gbé ìwé ẹ̀rí tó dára kiri fún ìgbà pípẹ́.

Enugu ni mo ti kọ́ iṣẹ́ náà, ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Trans-Ekulu, èyí tí ìjọba ti sọ di yunifásítì lẹ́yìn tí àwa ti jáde. Ní àkókò tiwa, bí ọmọ Rẹ́mọ bá ní òun ń lọ sí Enugu láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe eyín, ṣe ni àwọn ará ilé á máa wo ara wọn lójú. Bàbá mi bi mí bóyá dókítà ni n óò jẹ́ tàbí nọ́ọ̀sì, nígbà tí mo sì ní kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, wọ́n ní kí n tún lọ rò ó. Lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ọdún kan wà tí a fi ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn. Ìforúkọsílẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí òfin gbé kalẹ̀ fún wa, ìyẹn Dental Technologists Registration Board of Nigeria. Iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ sì wà bí ti gbogbo akẹgbẹ́. Kò sí ohun tó ṣòro láti lóye nínú ìyẹn, nítorí náà n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí mo kàn fẹ́ kí òbí mọ̀ ni pé ẹni tí kò bá forúkọ sílẹ̀ kò tíì bọ́ sínú iṣẹ́ náà, bó ti wù kí ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé tó.

Bí wọ́n bá bi mí pé ṣé iṣẹ́ wà, ìdáhùn mi ni pé iṣẹ́ wà, àga ní ọ́fíìsì ìjọba ni kò tó. Ilé ìwòsàn ńlá kan lè gba dókítà eyín púpọ̀ kí ó sì ní láàbù kan ṣoṣo, níbi tí òṣìṣẹ́ díẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn. Àyè kì í sábà ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ àfi bí ẹnìkan bá fẹ̀yìn tì tàbí tó bá rìnrìn àjò lọ sókè òkun. Ẹni tó bá rí i wọ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀ tirẹ̀: owó oṣù rẹ̀ wà lórí àtẹ CONHESS, èyí tó wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí kì í ṣe dókítà, owó ìfẹ̀yìntì sì wà níwájú. Mo ní ọ̀rẹ́ tó wà níbẹ̀ títí di òní tí kò sì kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n láti máa ka ilé ìwòsàn ìjọba sí ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó wà fún wa, èrò tó ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ ta káàdì fóònù nìyẹn.

Síbẹ̀, mi ò lè sọ pé ilé ìwòsàn kò wúlò fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé iṣẹ́ wa kò dúró sórí eyín nìkan. Ẹni tí wọ́n bá gé páárì òkè rẹ̀ nítorí kókó, ihò ńlá ló máa ń ṣẹ́kù láàárín ẹnu àti imú rẹ̀. Bó bá mu omi, omi á gba imú jáde, bó bá sì sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á máa gba imú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ inú ilé rẹ̀ pàápàá kò fi ní í gbọ́ ohun tó ń sọ. Àwa la máa ń ṣe ohun tí wọ́n fi ń dí ihò náà, èyí tí wọ́n ń pè ní obturator, tí eyín sì máa ń wà lára rẹ̀. Ọmọ tuntun tí àjà ẹnu rẹ̀ là, tí kò lè fa ọmú, a máa ń ṣe pẹlẹbẹ kékeré kan tó máa bo ibi tó là náà kí ó lè jẹun títí di ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹni tí ojú rẹ̀ kan fọ́, láàbù eyín la ti lè fi akírílíìkì, ìyẹn ike líle kan, ṣe ẹyinjú tí yóò bá ti ẹnìkejì mu ní àwọ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì báyìí ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kun ẹyinjú; wọ́n máa ń ní kí n wo ojú ènìyàn nínú oòrùn, kí n sì tún wò ó nínú iyàrá, kí n tó pò ọ̀dà. Láàbù aládàáni kì í sábà rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀dọ́ tó bá rí ààyè ní ilé ìwòsàn ìkọ́ni, kí ó lo ọdún rẹ̀ níbẹ̀ dáadáa, kí ó má kàn máa ka ọjọ́.

Láti ibẹ̀ ni mo ti bọ́ sí láàbù aládàáni kan ní Èkó, níbẹ̀ ni ojú mi sì ti là sí bí owó ṣe ń wọlé. Ọ̀gá tó ni láàbù náà ní ìwé kan tí kì í jẹ́ kí ó jìnnà sí òun. Iye tó wọlé kọ́ ló ń kọ sínú rẹ̀. Iṣẹ́ tó padà ló ń kọ: irú iṣẹ́ wo ló padà, ọ̀dọ̀ dókítà wo ló ti padà, kí ló sì fà á. Ṣé ẹ̀dà ẹnu, ìyẹn ojú ẹnu aláìsàn tí dókítà fi ohun rírọ̀ tẹ̀ fún wa, ni kò dára ni, àbí P.O.P. tí a pò ló ki jù, àbí bí eyín òkè ṣe ń pàdé ti ìsàlẹ̀ ni a ṣì mú, àbí àwọ̀ rẹ̀ ni kò bá ti àwọn eyín tó kù mu? Lópin oṣù, á ka ìwé náà sí wa létí bí ẹni ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ẹgbẹ́. Ó kọ́kọ́ dà bíi pé ó fẹ́ dójú tì wá. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ohun tí ó ń tà fún àwọn dókítà gan-an ló wà nínú ìwé náà.

Dókítà tó bá rí eyín tó bá ẹnu mu gbà láti láàbù, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni yóò fi wọ̀ ọ́ fún aláìsàn, ẹlòmíràn á sì jókòó sórí àga. Bí kò bá bá ẹnu mu, á fi ẹ̀rọ ha á, á tún ha á, aláìsàn á máa wo aago, iná jẹnẹrétọ̀ á máa jẹ epo. Bí gbogbo ìyẹn kò bá gbà, aláìsàn náà á tún wọ ọkọ̀ padà wá, bóyá láti Ìjẹ̀bú-Igbó, inú rẹ̀ kò sì ní í dùn bí ó ti ń bọ̀. Láàbù tó gba owó pọ́ọ́kú tí iṣẹ́ rẹ̀ sì ń padà ti kó dókítà sí gbèsè tí kò hàn nínú ìwé owó. Mo ti rí dókítà tó fi láàbù tí ó wà ní òpópónà rẹ̀ gan-an sílẹ̀, tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí ibi tó jìnnà tó sì wọ́n jù ú lọ, nítorí pé ohun tó bá ti ibẹ̀ wá kì í padà lọ. Èyí ni mo fi ń dáhùn bí àwọn ọ̀dọ́ bá ní ọjà ti kún. Àwọn tí iṣẹ́ wọn ń padà ló kún ọjà.

Kí ni a lè ṣe kí iṣẹ́ má padà? N óò mú méjì péré. Alginate tí dókítà fi ń tẹ ẹ̀dà ẹnu, láti ara ewéko inú òkun ni wọ́n ti ń rí i, omi ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti dì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń fẹ́ sí i ni omi náà ń gbẹ, bí omi sì ti ń gbẹ ni ẹ̀dà náà ń súnkì. Tí wọ́n bá sì rì í sínú omi, á fa omi mu, á wú. Ẹ̀dà ẹnu tó bá kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárọ̀ nínú ọ̀rá gbígbẹ, lábẹ́ ìjókòó ọkọ̀ elérò, tó sì wọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Èkó nínú oòrùn, kì í ṣe ẹnu aláìsàn náà ló dé ọ̀dọ̀ wa mọ́. A óò da P.O.P. sí i, a óò ṣe eyín tó dára lórí rẹ̀, eyín náà á jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí P.O.P., kò sì ní í wọ ẹnu. Dókítà á ní láàbù kò mọ iṣẹ́, láàbù á ní dókítà kò mọ ẹnu í tẹ̀. Kò sì sí ẹni tó máa bá oòrùn wí.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìsè. Eyín àtọwọ́dá tó wọ́pọ̀ jù lọ ní ilẹ̀ wa, akírílíìkì ni wọ́n fi ń ṣe ara rẹ̀ tí eyín dúró lé, ohun èlò tó gba ipò rọ́bà líle ayé àtijọ́ láti àwọn ọdún 1930. Ìyẹ̀fun rẹ̀ àti omi rẹ̀ la máa ń pò pọ̀, ìlọ́po mẹ́ta ìyẹ̀fun sí ẹyọ kan omi, a óò tẹ̀ ẹ́ sínú àwòdà, ìyẹn ohun tó ń fún un ní ìrísí eyín, a óò sì sè é nínú omi gbígbóná. Omi akírílíìkì náà máa ń hó bí iná bá ti lé díẹ̀ ní ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius, akírílíìkì fúnra rẹ̀ sì máa ń mú ooru jáde bó bá ti ń dì. Ìdí nìyẹn tí a fi ń jẹ́ kí ó pẹ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 74 kí a tó gbé e dé orí omi híhó. Ẹni tí ọwọ́ bá yá, tó bá jù ú sínú omi tó ń hó láti ìbẹ̀rẹ̀, yóò rí eyín mú jáde, yóò sì dán lójú. Ṣùgbọ́n àwọn ihò kéékèèké á ti wà nínú ibi tó ki jù lára rẹ̀. Ihò wọ̀nyẹn ló ń gba oúnjẹ àti òórùn dúró, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń ṣẹ́ lọ́jọ́ tí ènìyàn bá fi jẹ ẹran. Àsìkò ọdún ni àṣà yìí máa ń pọ̀ jù, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá ń kánjú.

Ọ̀rọ̀ alginate yẹn ló mú mi padà sílé. Mo wo àwọn iṣẹ́ tó ń ti Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ wá sí Èkó, mo wo èyí tó ń padà nínú wọn, mo sì bi ara mi pé kí ló dé tí ẹnu ará Ìpẹ̀rù fi ní láti dé Èkó kí ó tó di eyín. Ṣàgámù ni mo fi ìdí láàbù sí. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà mọ ìdí rẹ̀: ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà tó gba Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Benin, ọ̀nà Abẹ́òkúta náà sì já síbẹ̀. Bí mo bá fi eyín fún awakọ̀ ní gáréèjì láàárọ̀, ó lè dé ọwọ́ dókítà kí oòrùn tó mú. Mo tún gba àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ níyànjú pé kí wọ́n máa fi aṣọ tútù yí ẹ̀dà ẹnu ká kí wọ́n tó dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n sì pè mí lórí fóònù bí ọkọ̀ bá ti gbéra.

Owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò tó èyí tí àwọn ènìyàn máa ń rò, nítorí pé iṣẹ́ akírílíìkì nìkan ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ha P.O.P., èyí tó ń gbọ̀n ọ́n kí afẹ́fẹ́ lè jáde nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìdán, ìkòkò ìsè àti àwọn àwòdà ni mo rà. Àwọn wẹ́dà ní Ṣàgámù ni wọ́n bá mi ṣe ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ àwòdà, ó sì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Iṣẹ́ irin àti crown tí a máa ń dé mọ́ eyín tó ti bàjẹ́, mo máa ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí láàbù tó ní ìléru ní Èkó, a óò sì jọ pín owó rẹ̀. Ojú kì í ti mi láti sọ fún dókítà pé èmi kọ́ ni mo ṣe èyí.

Ohun tó ṣòro jù ni àwìn. Àwọn dókítà kan wà tí wọ́n máa gba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta kí wọ́n tó rántí pé ẹnìkan ń ra akírílíìkì. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti máa díye lé e, eyín alákójọ (eyín tí ilé iṣẹ́ ti ṣe sílẹ̀, tí àwa kàn ń tò), akírílíìkì àti ìda tí a ń rà láti òkè òkun ń gbówó lórí tó bẹ́ẹ̀ tí owó tí wọ́n bá san lẹ́yìn oṣù mẹ́ta kò fi ní í lè ra ohun tí a fi ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Nítorí náà mo máa ń gba owó ohun èlò ṣáájú, owó iṣẹ́ ọwọ́ sì lè dúró di òpin oṣù. Dókítà kan bínú sí mi lórí èyí, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń ta àwìn. A ṣì ń kí ara wa.

Ìlú tí ènìyàn bá ń gbé máa ń kọ́ ọ ní ìgbà tí iṣẹ́ ń pọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, kó tó di ọdún Iléyá ni. Ọjọ́ kẹta ọdún náà ni Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, nígbà tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ máa ń jáde nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn tí àwọn ayàwòrán sì máa ń wà káàkiri. Kò sẹ́ni tó fẹ́ bo ẹnu mọ́lẹ̀ nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ti fi ihò eyín rẹ́rìn-ín láti oṣù kìn-ín-ní á rántí dókítà ní ọ̀sẹ̀ tí ọdún kù sí dẹ̀dẹ̀. Láti bí oṣù méjì ṣáájú ni mo ti máa ń kọ̀wé sí àwọn dókítà pé ọjọ́ báyìí ni n óò gba ẹ̀dà ẹnu ìkẹyìn fún ọdún, n kò sì ń yẹ̀ ẹ́, nítorí mo ti ṣàlàyé ohun tí ìkánjú ń ṣe sí akírílíìkì. Nínú àsìkò bẹ́ẹ̀ ni dókítà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde fi ìwé kékeré sínú àpótí iṣẹ́ pé ìyá àgbà tí eyín náà wà fún ní, “Ẹ bá mi sọ fún ẹni tó ń ṣe é pé kó má gbàgbé èjí mi o.” Eyín alákójọ tí wọ́n ń ṣe ní òkè òkun ṣù mọ́ra wọn ni, kò sí èjí nínú rẹ̀. Mo bẹ̀bẹ̀ fún fọ́tò ìgbà èwe màmá náà, mo sì to eyín iwájú méjèèjì bí Ọlọ́run ṣe tò wọ́n fún wọn. Láti ìgbà náà, dókítà yẹn máa ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn aláìsàn rẹ̀ nípa èjí kí ó tó kọ̀wé sí mi, àwọn tí wọ́n sì ń tọ̀ ọ́ wá nítorí èyí kò kéré.

Àwọn aládùúgbò máa ń wá bá mi tààrà pé kí n bá àwọn ṣe eyín kan, kí àwọn má lọ sanwó dókítà. Mi ò kì í gbà. Lójú òfin, lórí ìwé tí dókítà bá kọ ni a ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ṣe tiwa láti fi ọwọ́ bọ ẹnu aláìsàn. Ìdí mìíràn ni pé gbòǹgbò eyín tó ṣẹ́kù, èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí egbò tí kò jinná lè wà lábẹ́ ibi tí wọ́n fẹ́ kí n fi eyín bò, egbò bẹ́ẹ̀ sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Bí a bá sì fi ti owó wò ó, dókítà tó bá gbọ́ pé mò ń gba aláìsàn kò ní í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi mọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti dókítà ṣe wà.

Ìbéèrè tí mo ń gbọ́ jù báyìí ni ti ẹ̀rọ. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ti ń ṣe eyín, kí ni ọmọ ènìyàn tún ń kọ́? Òótọ́ ni pé ó ń ṣe é, kì í sì ṣe òní: ní ọdún 1985 ni wọ́n ti fi ẹ̀rọ CEREC ṣe iṣẹ́ sí ẹnu aláìsàn ní ìlú Zurich. Nísinsìnyí, dókítà lè fi ohun èlò tó tó kálàmù ńlá ya inú ẹnu, kí ó sì fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò sí alginate, kò sí ọkọ̀, kò sí oòrùn. Ẹ wò ó pé ohun tó gbé mi wá sí Ṣàgámù gan-an ni ẹ̀rọ yìí fẹ́ mú kúrò, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà kì í ṣe ti ẹsẹ̀ kan. Bí fáìlì bá lè kúrò ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Èkó láìdúró ní Ṣàgámù, ó lè ti Èkó wá sí Ṣàgámù pẹ̀lú. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó mọ exocad, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ya eyín, lò dáadáa ń ya crown lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn tí kò dé ibẹ̀ rí, láàbù tó ní ẹ̀rọ ní Èkó á gbẹ́ ẹ, a óò sì rí owó tiwa gbà nínú rẹ̀.

Èmi kò tíì ra ẹ̀rọ ìgbẹ́ àti ìléru, ìdí rẹ̀ sì yé mi. Zirconia tí wọ́n fi ń ṣe crown, ó máa ń tóbi ju bó ṣe yẹ lọ nígbà tí ẹ̀rọ bá gbẹ́ ẹ tán. Inú ìléru tó gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 1,500 ló ti máa ń súnkì ní bí ìdá márùn-ún rẹ̀ kan kí ó tó di ìwọ̀n ẹnu, ó sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí iná bá lọ láàárín rẹ̀, iṣẹ́ náà lè bàjẹ́. Ẹni tí kò bá ní iná tó dájú láti ilé tirẹ̀, yálà ti oòrùn tàbí ti jẹnẹrétọ̀, kò tíì tó ẹni tó ń ra ìléru, bó ti wù kí báńkì fẹ́ yá a lówó tó.

Nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà, ohun kan wà tí mo rí tí n kò gbọ́ kí wọ́n máa sọ. Ọ̀dọ́ tó bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, tí kò fi ọwọ́ gbẹ́ ìda rí, máa ń ya crown tó rẹwà tí kì í sì gba ẹnu pa dé. Kọ̀ǹpútà máa ń fi hàn án bí eyín ṣe jókòó; bí páárì ṣe ń rìn lọ sọ́tùn-ún àti sósì nígbà tí ènìyàn bá ń jẹ ẹran, ọwọ́ tó ti to eyín púpọ̀ sórí articulator, irin tó ń rìn bíi páárì ènìyàn, ló mọ ìyẹn. Ti àgbàlagbà tí kò ní eyín kankan mọ́ tún ṣòro jù fún ẹ̀rọ, nítorí èrìgì rírọ̀ tó ń mì kò rọrùn láti yà, irú ẹnu bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ ní àgbègbè wa. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí, mo máa ń ní kí wọ́n kọ́ méjèèjì, kí ti ọwọ́ sì ṣáájú.

Ti òkè òkun náà wà, mi ò sì ní í fi pamọ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni. Ní Jámánì, ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí lẹ́nu iṣẹ́ gan-an, ẹ̀kọ́ ìwé sì ń lọ lọ́wọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 2008, kò sẹ́ni tó lè pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ láàbù eyín láìforúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ General Dental Council, ẹni tó bá sì tún kẹ́kọ̀ọ́ kún un lè di ẹni tó ń ṣe odidi eyín tó sì ń wọ̀ ọ́ fún aláìsàn fúnra rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin kò béèrè ìwé àṣẹ, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n lọ tó sì dára fún, àwọn tó kó fọ́tò iṣẹ́ wọn jọ láti ilé ni, wọn kò lọ pẹ̀lú ìwé nìkan.

Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kí òbí gbọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Eruku inú láàbù kì í ṣe eruku ọjà. Yanrìn tí a fi ń fọ irin àti ohun tí a fi ń ṣe àwòdà irin ní silica nínú, èyí tó máa ń jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró tí kì í sì í jáde mọ́. Àwọn irin kan ní beryllium, tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Omi akírílíìkì sì máa ń jẹ ọwọ́ àwọn ènìyàn kan tí wọn kò fi ní í lè fọwọ́ kàn án mọ́ láyé. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku ni mo kọ́kọ́ rà ṣáájú ẹ̀rọ ìdán. Láàbù tí ọ̀dọ́ bá fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́, kí ó wo ibi tí eruku ń lọ kí ó tó wo iye tí wọ́n fẹ́ san fún un.

Nígbà tí ẹnìkan bá fẹ́ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, mi ò kì í kọ́kọ́ béèrè máàkì WAEC rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé máàkì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́. Mo máa ń fún un ní ọṣẹ ìfọṣọ kan, ọ̀bẹ kékeré kan, àti eyín ńlá ẹ̀yìn tí a fi P.O.P. ṣe, mo sì máa ń ní kí ó lọ gbẹ́ irú rẹ̀ wá, kó má kánjú. Àwọn kan máa ń gbé e padà wá lọ́jọ́ kejì, tó dán, tó jọ eyín tí wọ́n ń yà sí ara páálí ọṣẹ ìfọyín. Àwọn mìíràn máa ń pẹ́, wọ́n á sì wá béèrè ìdí tí orí eyín náà kan fi ga ju èkejì lọ, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá mú kí ó dọ́gba. Àwọn tó ń béèrè yẹn ni mo máa ń gbà.